Ohun tí ìwé iṣẹ́ atukọ̀ ogun kan kọ́ mi

Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún Màmá nípa iṣẹ́ bàbá wọn, irọ́ ni. N kò mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo gbé fóònù dání, mo ń ka ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fi ayọ̀ sọ fún wọn pé, "Màmá, ọkọ̀ tí bàbá yín kọ́kọ́ wọ̀ ni wọ́n ń pè ní Pembroke Kejì. Oṣù mélòó kan ni wọ́n lò lórí òkun nínú rẹ̀." Màmá gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Pembroke? Ṣé Pembroke tó wà lókè ibí yìí ni?" Mo ní rárá o, ọkọ̀ ni. Wọ́n dákẹ́. Èmi ni mo ríran láàárín àwa méjèèjì, ọwọ́ mi sì ni ìwé wà.

Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìbàdàn kí n tó kó wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2022. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe báyìí, ní Gillingham ní Kent, ìlú tó lẹ̀ mọ́ Chatham débi pé àlejò kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Chatham ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun láyé àtijọ́. Ó lé ní 400 ọdún tí wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa ní 1984, kò sì ṣòro láti rí arúgbó ládùúgbò yìí tí bàbá rẹ̀ tàbí bàbá bàbá rẹ̀ jẹun nídìí ọkọ̀ ogun.

Màmá tí mò ń sọ yìí, 1932 ni wọ́n bí wọn. Ojú wọn ti ṣú, wọn kò lè kàwé mọ́, àmọ́ ọpọlọ wọn pé ṣáṣá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé kí n máa pe orúkọ àwọn gan-an bí àwọn yòókù ṣe ń pè é. Ẹnu mi kò gbà á. A rìn ín títí, a fi dé "Màmá", ọ̀rọ̀ sì tán. Àwọn àti ọmọ wọn ọkùnrin ló fọwọ́ sí i pé kí n kọ ìtàn yìí, pé kí n má ṣáà ti dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí n má sì dárúkọ ọkọ̀ tí bàbá náà wà nígbà ogun. N ó sì máa pe bàbá yìí ní "ó" bí mo ṣe ń lọ. Kì í ṣe àfojúdi. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe wà lójú mi títí mo fi kà á tán.

Agolo bisikíìtì kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Màmá ní kí n bá wọn gbé e wá láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fọ́tò kan wà nínú rẹ̀, mẹ́dáàlì mẹ́ta, àti ìwé ńlá kan tó nípọn bí awọ, tí wọ́n ti ṣẹ́ po sí mẹ́rin fún ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ni, èyí tí iléeṣẹ́ ogun ojú omi máa ń fún ènìyàn lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Ibi tí ìwé náà ti ṣẹ́ ti họ, gbogbo ìlà tó bọ́ sí ojú ṣíṣẹ́ yẹn ti parẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lára rẹ̀ tí n kò rí rí. Wọ́n fa ìlà sí igun kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé bí wọ́n bá fi ìwà burúkú tàbí ìtìjú lé ènìyàn kúrò, kí wọ́n gé igun náà dànù. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ wá iṣẹ́, kò dìgbà tí ọ̀gá bá ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Igun tí kò sí mọ́ ti ròyìn rẹ̀ tán. Bí mo ṣe gbé ìwé náà lé Màmá lọ́wọ́, àwọn igun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìka wá: ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Wọ́n ní, "Ó pé." Bàbá wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àwọn ìlà tó ti parẹ́. Mo sọ pé n ó wá a.

Ilé àpamọ́ ìwé ìjọba tó wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ àwọn atukọ̀ wọ̀nyí, owó táṣẹ́rẹ́ ni ènìyàn á san láti rí i. Mo tẹ orúkọ bàbá náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Mo mú ẹni tí wọ́n bí ní Kent, ọdún rẹ̀ sún mọ́ èyí tí Màmá sọ, mo sanwó, mo ṣí i. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo bá lẹ́tà méjì pàdé: D àti D. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ 22 oṣù Kẹsàn-án 1914. Mo lọ wá ìtumọ̀ rẹ̀. Bí akọ̀wé wọn ṣe ń kọ ọ́ pé ikú ló mú ẹni yìí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Lẹ́tà méjì péré.

Ara mi bù máṣọ. Báwo ni ẹni tó kú ní 1914 ṣe bímọ ní 1932? Ẹlòmíràn ni o, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè pa ìwé rẹ̀ dé bẹ́ẹ̀. Mo ka ìtàn ọjọ́ yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọkọ̀ ogun mẹ́ta tó ti gbó, Aboukir, Hogue àti Cressy, ń rìn lọ jẹ́jẹ́ lórí Òkun Àríwá láàárọ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní U-9 ló ri àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tí Aboukir ń rì, àwọn méjì yòókù dúró láti yọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó ti bá àwọn náà. Ènìyàn 1,459 ló kú. Púpọ̀ nínú wọn ni wọn kì í ṣe ọmọ kékeré rárá. Àgbà ọkùnrin tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó ti níyàwó, tó ti bímọ, ni wọ́n pè padà nígbà tí ogun bẹ́, àdúgbò tí mo ń gbé yìí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Lókè, lórí pápá tí wọ́n ń pè ní Great Lines, òpó ìrántí gíga kan wà tí mo ti ń rí láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ tí mo ti dé. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ lé ní 18,000, ti ogun àgbáyé méjèèjì, gbogbo wọn ni òkun gbé mì, tí kò sí sàréè fún wọn. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo rò pé òpó lásán ni.

Ohun tó yọ mí ni mẹ́dáàlì. Wọ́n máa ń tẹ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ni ín sí etí rẹ̀ yíká, kékeré báyìí, àfi kí ènìyàn yí i sí ìmọ́lẹ̀. Mo yí i títí nọ́ńbà náà fi jáde. Lẹ́tà K ló ṣáájú rẹ̀. Láti 1908, K ni ti àwọn tó ń bójú tó iná àti bọ́ílà nísàlẹ̀ ọkọ̀, J ni ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókè. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí kò ní K kankan. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ wá irú ìwé báyìí fún aládùúgbò tàbí fún ẹbí, nọ́ńbà ni kí ẹ wá, kì í ṣe orúkọ.

Ìwé tó tọ́ jáde. Oṣù Kẹwàá 1912 ló wọṣẹ́, ó sì tọwọ́ bọ̀wé ọdún 12. Wọ́n kọ bó ṣe ga tó, bí àyà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, wọ́n ní irun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ojú rẹ̀ búlúù, ara rẹ̀ ń dán, àpá iná kan sì wà lápá òsì rẹ̀. Bí mo ṣe ń kà á, mo gbójú sókè, mo rí i pé Màmá ti fọwọ́ kan irun tiwọn. Ó ti funfun báláú. Wọ́n ní, "Pupa ló rí tẹ́lẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé irun bàbá mi ni." Mo dákẹ́ díẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú.

Ìgbà náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí àṣìṣe mi. Pembroke Kejì tí mo pariwo rẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ tó ń rìn. Báráàkì ni, lórí ilẹ̀, níbí. Nínú òfin iléeṣẹ́ ogun ojú omi, ẹni tó wà ní báráàkì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ kan, nítorí náà wọ́n fún ilé ní orúkọ ọkọ̀. Pembroke ni ti Chatham, Victory ni ti Portsmouth, Vivid ni ti Devonport. Kejì tí wọ́n kọ tẹ̀lé e, ìwé owó àwọn adáná ni. Gbogbo oṣù tí mo ní bàbá yìí lò lórí òkun, ó ń kọ́ iṣẹ́ nínú ilé ni, bóyá ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ibi tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí báyìí. Màmá ti bi mí. Mo sì ní rárá.

Ohun tó tún dùn mí níbẹ̀ ni pé mo mọ ilé náà. Yunifásítì ló wà nínú báráàkì yẹn lónìí, ọmọ mi obìnrin sì ń kàwé níbẹ̀. Láìbríì wọn, tí wọ́n ń pè ní Drill Hall, ni mo ti máa ń lọ pàdé rẹ̀ tí iṣẹ́ bá tán. Gbọ̀ngàn tí àwọn atukọ̀ ti ń yan ni tẹ́lẹ̀. Ní alẹ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1917, báráàkì ti kún débi pé nǹkan bíi 900 ọkùnrin ló ń sùn níbẹ̀, àwọn kan nínú aṣọ tí wọ́n so rọ̀ bí ibùsùn, àwọn kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàálù Jámánì ju bọ́ǹbù sí i. Òrùlé gíláàsì ló wà lókè wọn, ó wó lé wọn lórí lójú oorun. Bí ènìyàn 130 ló kú. Bàbá Màmá kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wà lọ́dọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ní Scapa Flow, lókè pátápátá ní Scotland. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀, tí mo bá wọ láìbríì yẹn, tí mo rí àwọn ọmọ tó gbórí lé tábìlì sùn nítorí ìdánwò, ọkàn mi máa ń fò lọ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá. Mo ní, "Ẹ má bínú, òótọ́ lẹ sọ, Pembroke tó wà lókè ibí ni." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Bàbá mi fi ojú fèrèsé ibi tó ń sùn hàn mí." Mo ní kí ló dé tí wọn kò fi já mi ní koro? Wọ́n ní, "Inú rẹ ń dùn."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń kà á padà. Mo máa ń ka ìlà kan, mo máa ń dákẹ́. Màmá á sọ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, "Stoker", gbé sínú.

Adáná ni, akóèédú. Kì í ṣe ẹni tó ń wo òkun. Nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni, níbi tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa kí ẹ̀rọ lè máa ti afẹ́fẹ́ wọlé fún iná, ni wọ́n ti ń fi ṣọ́bìrì da èédú sẹ́nu iná fún wákàtí mẹ́rin gbáko kí àwọn mìíràn tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe dídà lásán. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á da gbogbo rẹ̀ jọ sí ẹnu ọ̀nà, iná á kú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fọ́n ọn tẹ́ẹ́rẹ́ dé ẹ̀yìn, á fi irin gígùn tú eérú tó dì, á sì yára ti ilẹ̀kùn kí òtútù má bàa wọlé. Màmá fi ṣíbí tíì wọn ṣe é fún mi: ọwọ́ òsì síwájú, ọ̀rùn ọwọ́ yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá wọn máa ń da èédú sí iná ilé wọn bẹ́ẹ̀ títí ó fi darúgbó, ìyá wọn á sì máa pariwo pé kì í ṣe ọkọ̀ ogun lèyí.

Ọjọ́ kíkó èédú ló burú jù. Ọkọ̀ ńlá lè gba ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tó kó èédú wá á wá fara ti ọkọ̀ ogun, wọ́n á máa fi ṣọ́bìrì bù ú sínú àpò tó wúwo tó 100 kìlógíráàmù, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì méjì lórí ara wọn, wọ́n á gbé e sókè pẹ̀lú okùn, wọ́n á sá a lọ dà sínú ihò. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣe é, ojú gbogbo wọn á dúdú. Àwọn onílù á máa lù fún wọn kí ọwọ́ lè yá, nítorí ọkọ̀ sí ọkọ̀ ń bára wọn díje pé ta ló kó tọ́ọ̀nù púpọ̀ jù ní wákàtí kan. Àwọn adáná wá nínú ihò nísàlẹ̀, nínú eruku, wọ́n ń tẹ́ èédú náà dọ́gba bó ṣe ń ya lé wọn lórí. Tí wọ́n bá sì parí, wọ́n á fọ ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo béèrè nípa Jutland. Ìjà tó tóbi jù tí ọkọ̀ ogun bá ara wọn jà nínú ogun yẹn ni, ní 31 oṣù Karùn-ún sí 1 oṣù Kẹfà 1916, létí Dẹ́ńmáàkì. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 151, ti Jámánì 99. Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ọkọ̀ 14 àti ènìyàn 6,094. Jámánì pàdánù ọkọ̀ 11 àti ènìyàn 2,551. Ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Invincible gbiná, ó là sí méjì, ènìyàn mẹ́fà péré ló yè nínú ẹgbẹ̀rún tó wà nínú rẹ̀. Mo ti ka gbogbo èyí sílẹ̀ kí n tó béèrè, mo ń retí ìtàn ńlá. Màmá ní, "Bàbá mi wà níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan."

Ó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn irin mọ́ wọn lórí, ọkọ̀ ń sáré, ìbọn tiwọn ń dún lókè, ara irin ń gbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ìbọn tiwọn ni, bí ó bá jẹ́ ti ọ̀tá ló bà wọ́n ni, kò sí ẹni tó lè sọ. Wọ́n ń dá èédú. Ohun tó máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀ nípa Jutland kì í ṣe ìjà. Ó ní nígbà tí àwọn padà dé Scapa Flow, kò sí oorun. Èédú ni wọ́n kó. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: òótọ́ ni. Ní alẹ́ 2 oṣù Kẹfà, ọ̀gá àgbà wọn, Jellicoe, ti ròyìn sílé pé àwọn ọkọ̀ òun ti ṣe tán láti tún jáde láàárín wákàtí mẹ́rin. Mo ti ka gbólóhùn yẹn tẹ́lẹ̀, mo sì gbóríyìn fún un nínú ọkàn mi. N kò rò ó pé ẹnìkan ní láti gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò kí gbólóhùn yẹn tó lè jẹ́ òótọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí pé kí ló kàn mí pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Òyìnbó. Ìbéèrè gidi ni. Iléeṣẹ́ ogun ojú omi yìí kan náà ló gba Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, lọ́wọ́ ọkọ̀ akẹ́rú ní 1822, tó fi di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Òun kan náà ló yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, tí àwọn bàbá wa fi ń pè é ní Ogun Àgìdìngbì nítorí bí ìbọn náà ṣe ń dún. N kò gbàgbé ọ̀kankan nínú méjèèjì, n kò sì fi ọ̀kan bo èkejì. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 18 tó wọlé láti máa da èédú síná kọ́ ló pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Mo rí àwọn ọmọ wa nínú rẹ̀ ju bí mo ṣe rí àwọn ọ̀gá lọ.

Àṣìṣe mi kejì ni ti ọ̀já apá. Nínú fọ́tò, ọ̀já mẹ́ta tó rí bíi lẹ́tà V wà lápá òsì rẹ̀. Mo ní, "Ẹ wò ó, sájẹ́ǹtì ni bàbá yín." Rárá. Ọ̀já ìwà rere ni. Ẹni tó bá lo ọdún mẹ́ta láìní ẹ̀sùn á gba ọ̀kan, ọdún mẹ́jọ á gba èkejì, ọdún 13 á gba ẹ̀kẹta. Kọ́bọ̀ kan lójúmọ́ ló ń fi kún owó ẹni lórí ọ̀já kan nígbà tí bàbá yìí wọlé. Ènìyàn lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó sì jẹ́ adáná lásán síbẹ̀. Nínú ìwé, wọ́n kọ G sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fún ènìyàn. Mo rí G ní 1915. Lẹ́yìn náà mo rí D ní 1919. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, R, wọ́n dá a padà. Lápá kejì ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ 14 ni ó lò ní yàrá àtìmọ́lé. Ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ irú ìwà tí ènìyàn hù, lẹ́tà méjì, VG, "ó dára púpọ̀". Ọdún yẹn, wọ́n yọ "púpọ̀" kúrò.

N kò ka ìyẹn fún Màmá. Mo ní ọkàn wọn kò gbọdọ̀ bàjẹ́ nítorí ìlà kan.

Màmá ló fúnra wọn mú mi dé 1931. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ìjọba ní owó kò sí, wọ́n fẹ́ gé owó àwọn atukọ̀. Atukọ̀ tó ṣì wà lórí iye owó tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1919 ń gba ṣílè mẹ́rin lójúmọ́. Wọ́n ní kó di mẹ́ta: ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n gé lára àwọn ọ̀gá kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti kà á. Ní Invergordon, ní Scotland, nǹkan bíi 12,000 ọkùnrin kọ̀ láti gbé ọkọ̀ jáde fún ọjọ́ méjì. Wọn kò lu ẹnikẹ́ni, wọn kò jí nǹkan. Wọ́n dúró lórí ọkọ̀, wọ́n ń hó fún ara wọn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Ìjọba fà sẹ́yìn, ó dín gígé náà kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n lé àwọn tí wọ́n fura sí.

Ọkọ̀ bàbá Màmá wà níbẹ̀. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Ọdún mẹ́ta ló kù kí ó pé ọdún 22 tí yóò fi gba owó ìfẹ̀yìntì. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé níbí, ó lóyún oṣù mẹ́rin, wọ́n sì ń san owó ilé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Màmá fọwọ́ gbá ikùn wọn, wọ́n ní, "Èmi ni oyún yẹn." Mo wo ìwé. 1931: VG. Kò sí ohun mìíràn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí n tó lọ sílé, mo ṣí fóònù iṣẹ́ láti kọ ìròyìn ọjọ́ bí a ṣe máa ń kọ ọ́. Mo wo ohun tí mo ti ń kọ láti oṣù mélòó kan: "Wọ́n jẹun dáadáa. Ara wọn le. Inú wọn dùn." Ojoojúmọ́, bákan náà. Ìtìjú mú mi. Bí ẹnìkan bá ka ìwé yẹn ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, kí ni yóò mọ̀ nípa obìnrin yìí? Láti ọjọ́ náà mo máa ń fi ìlà kan kún un. "Wọ́n fi ṣíbí tíì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá èédú." "Wọ́n kọrin ìyá wọn láàárọ̀." Ọ̀gá mi pè mí, ó bi mí pé kí ni mò ń kọ yìí. Mo ṣàlàyé. Ó ní kí n máa bá a lọ, ṣùgbọ́n kí n ṣáà má gbàgbé láti kọ iye omi tí wọ́n mu.

Ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Kọkànlá, Màmá ní kí n ka ìwà bàbá àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọdún kan tẹ̀lé òmíràn, gbogbo rẹ̀. Wọ́n mú ìwé tó ti gbó yẹn lọ́wọ́, wọ́n di igun rẹ̀ mú. Mo bẹ̀rẹ̀. "1912, ó dára púpọ̀." Wọ́n ní, "Ìyá rẹ̀ sunkún ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin." "1913, ó dára púpọ̀." "Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ. Nígbà tí mo dé 1916, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọn kò sọ nǹkan kan. "1917, ó dára púpọ̀. 1918, ó dára púpọ̀. 1920, ó dára..."

"O fo ọ̀kan."

Mo gbójú sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Irọ́ Pembroke, n kò mọ̀ ọ́n. Èyí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Wọ́n ní, "Ìyá rẹ̀ kú nígbà àjàkálẹ̀ àrùn flúù. Wọ́n fún un ní ààyè ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́ sàréè kò sì ráyè, òkú ti pọ̀ jù. Ó dúró títí wọ́n fi sin ín. Lẹ́yìn náà ló padà, wọ́n tì í mọ́lé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ mi kàn. "Kà á bó ṣe wà."

Mo kà á. "1919, ó dára."

Wọ́n mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. 1920 ńkọ́?"